Ìjẹ ẹja ńlá tí mo ń fọwọ́ ṣe ní Ifẹ̀ ń yí bíi fáànù, ẹ gbà mí

Onírésìn_Lágere (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láì dá sí i, ṣùgbọ́n tòní ká mi lára.

Àwo ẹ̀yẹ ni mò ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá kàwé jáde ní Ifẹ̀, tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún un ní nǹkan kan tó dán bíi dígí tí orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni mo da résìn rẹ̀, ìyẹn omi kẹ́míkà tó ń gan di líle bíi dígí. Nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2022, tí wọn kò padà àfi oṣù kẹwàá, Lágere, àdúgbò wa ní Ifẹ̀, dá páropáro. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ mọ ohun tí ojú wa rí. Àsìkò yẹn ni oníbàárà mi kan láti Èkó mú ohun kan wá tó ti fọ́ sí méjì. Résìn ni, ó tóbi tó ìka ọwọ́ mẹ́ta tí a so pọ̀, ojú ẹja méjì wà lára rẹ̀, yẹ̀rì rọ́bà aláwọ̀ búlúù sì wà nídìí rẹ̀. Ó ní ṣé mo lè ṣe irú rẹ̀. Mo ní kí nìyí? Ó ní ìjẹ ni, òun ni wọ́n fi ń mú ẹja tó wúwo ju èmi àti òun pọ̀ lọ.

Fún ẹni tí kò bá rí i rí: wọn kì í jù ú sómi kí wọ́n wá jókòó tì í bí a ṣe ń ṣe sí ẹja àrọ̀. Ọkọ̀ ló ń fà á lẹ́yìn lójú òkun, ní nọ́ọ̀tì 7 sí 9, ìyẹn bíi kìlómítà 13 sí 17 láàárín wákàtí kan. Orí rẹ̀ á yọ sókè gba afẹ́fẹ́, á tún rì, omi á máa hó funfun lẹ́yìn rẹ̀ bí èéfín. Ẹja ńlá á rò pé ẹja kékeré ló ń sá lọ.

Mo ti ṣe bíi ogójì báyìí. Mọ́ọ̀dù sílíkọ́ọ̀nù (bátànì rọ́bà) ni mo fi ń dà á, mo ń gé àfọ́kù sídì wínníwínní sínú rẹ̀ kó lè máa kọ mànà. Yẹ̀rì dúdú, túùbù ọ̀kadà ni. Yẹ̀rì aláwọ̀, ọ̀rá tí wọ́n fi ń bo tábìlì ni. Èyí tí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó bí ọta ìbọn ń lọ geere. Ṣùgbọ́n èyí tí mo gé ojú rẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bí ẹni fàdá gé ìrèké, ń yí bíi fáànù, okùn á sì lọ́ mọ́ra wọn.

Ẹ ò ní béèrè bí mo ṣe mọ̀, nígbà tí Ifẹ̀ kò lókun? Kẹ̀kẹ́ ni. Odò kan wà tí wọ́n sé lẹ́yìn ìlú, bèbè rẹ̀ tẹ́jú. Mo so okùn mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, mo ju ìjẹ sómi, mo wa kẹ̀kẹ́ bí ẹni tí olè ń lé. Ọdẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní kí ni mò ń ṣe. Mo ní mò ń kọ́ ìjẹ ní ìwẹ̀ odò. Ó wò mí títí, ó ní kí n gba ilé lọ sinmi.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń mú un yí?

Ọmọ_Ọ̀bọkún

Ọmọ Ifẹ̀ ń ṣe ìjẹ òkun! Ṣé odò Ọ̀pá ni marlin, ẹja òkun ńlá tí ẹnu rẹ̀ gùn bí ọ̀kọ̀, ti fẹ́ wá bá yín? Iléṣà ni mo wà, mo ń rẹ́rìn-ín débi pé ọmọ iṣẹ́ mi ní kí ló dé.

Ìyá_Ìbejì_Sábó

Kẹ̀kẹ́ yẹn ló pa mí 😂😂 Ìyàwó yín ń gbìyànjú o.

Àlọ́_àti_Ìtàn

Ọmọ_Ọ̀bọkún, ẹ rọra. Níbo ni Igbó Olókun wà? Ifẹ̀ ni. Ó sì tó kìlómítà 200 láti ibẹ̀ dé etí òkun Èkó. Nígbà tí ọ̀mọ̀wé Abidemi Babalola gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ ní 2011 sí 2012, ìlẹ̀kẹ̀ dígí tó lé ní 12,000 ló jáde, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ dígí náà, tí dígí ṣì lẹ̀ mọ́ inú wọn. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ṣiṣẹ́ yẹn. Kì í ṣe pé wọ́n ra dígí òyìnbó kí wọ́n tún un yọ́. Iyanrìn àti òkúta àyíká ibẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n da dígí, wọ́n fi orúkọ ẹni tó ni òkun pe ibẹ̀, wọn ò sì rí òkun lójú fèrèsé. Ẹni tó ń da résìn ní Lágere kò ṣe ohun àjèjì kankan.

Ọmọ_Ọ̀bọkún

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà. Ẹ̀fẹ̀ ni mò ń ṣe.

Kápútéènì_Ọ̀sà

Mo ti wa ọkọ̀ àwọn tó ń fi ìwọ̀ ṣeré lójú òkun Èkó fún ọdún méjìdínlógún, ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

Kẹ́ ẹ tó fi òkun wa ṣẹ̀sín: ní oṣù kọkànlá ọdún 1991, wọ́n fi ìwọ̀ mú sailfish kan ní Èkó, ẹja tí lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ ga bí ìgbòkun, ó sì wọ̀n tó kílò 61. Òun ló wà nínú ìwé IGFA, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń ṣàkọsílẹ̀ ẹja tó tóbi jù tí wọ́n fi ìwọ̀ mú, pé ó tóbi jù ní gbogbo Àtìláńtíìkì, títí Luanda fi gba ipò náà ní 1994. Ẹja wà. Ìjẹ tá a fi ń wá a ló ń ti òkè òkun wá.

Àbúrò Onírésìn, ihò tí okùn gbà kọjá ni kó o kọ́kọ́ wò. Tó bá fi ẹyọ ìrẹsì kan ṣoṣo yà sọ́tùn-ún tàbí sósì, omi á máa ti ẹ̀gbẹ́ kan ju ìkejì lọ, ó di fáànù nìyẹn. Orí tó ṣe ṣóńṣó lè fara da ihò tó yà díẹ̀, torí omi kàn ń fi ara rẹ̀ yọ̀ ni. Èyí tí ojú rẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ kò ní fara dà á. Lẹ́yìn ìyẹn, ìjẹ rẹ kò mọ ibi tí ikùn rẹ̀ wà. Résìn fúyẹ́, ó rí bákan náà yípo. Fi òjé díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ nínú orí náà, kí ìjẹ mọ ilẹ̀ mọ òkè. Fún mi lésì kí n tó máa sọ̀rọ̀ lọ: báwo lo ṣe ń lu ihò náà?

Onírésìn_Lágere

Ẹ ṣé, sà. Bí ó bá ti gbẹ tán ni mo máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, màá fi dírìlì lù ú láti iwájú dé ẹ̀yìn.

Kápútéènì_Ọ̀sà

Ẹsẹ̀ kẹ̀?

Ọmọ_Ọ̀bọkún

Á yí. Kò lè ṣe kó má yí. Léètì, ẹ̀rọ tí a fi ń rọ irin, ni iṣẹ́ mi, ẹ̀yìn ọjà Àtàkúmọ́sà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ wàyí. Ẹnu dírìlì tó gùn tó yẹn máa ń tẹ̀ nínú résìn, ọwọ́ rẹ kò ní mọ̀. Ó lè wọlé láàárín gan-an kó jáde ní ẹ̀gbẹ́. Má lu ihò rárá. Kí ihò ti wà níbẹ̀ kó o tó da résìn.

Wá eríà rédíò tó ti bàjẹ́, èyí tí a máa ń fà jáde gígùn. Búráàsì ni àwọn ọ̀pá inú rẹ̀, wọ́n ṣofo, ọ̀kan tóbi ju ìkejì lọ, wàá rí èyí tó bá okùn rẹ mu. Gé e, gbé e dúró sáàárín mọ́ọ̀dù, da résìn yí i ká. Ó di ara rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n fi sáńpépà ha ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa kí résìn lè dì í mú, kó o sì ha ẹnu rẹ̀ méjèèjì kó kúnná, torí búráàsì tó mú á fi okùn náà jẹ bíi búrẹ́dì.

Kápútéènì_Ọ̀sà

Ọmọ Iléṣà, ó yé ọ. Àwọn tó ń ṣe é ní Hawaii náà máa ń fi páìpù tín-ín-rín sínú rẹ̀. Níbẹ̀ ni iṣẹ́ résìn yìí ti gbilẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Henry Chee, tó ń wa ọkọ̀ apẹja ní Kona, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dà á. Awakọ̀ bíi tèmi ni, kì í ṣe ilé iṣẹ́ ńlá kan.

Onírésìn, má gé ojú rẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ jù. Bó bá ṣe dagẹ̀rẹ̀ tó ni eré rẹ̀ á ṣe pọ̀ tó, ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ bá sáré díẹ̀ tàbí tí ìgbì dìde, á fò jáde bí ọ̀pọ̀lọ́, ẹja kì í jẹ ohun tó ń fò lókè. Mẹ́rin tàbí márùn-ún la máa ń fà lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó lórí ńlá, tó ń da omi rú, á wà nítòsí ẹ̀yìn ọkọ̀. Ọta ìbọn rẹ yẹn á jìnnà sẹ́yìn pátápátá. Ìwọ̀ kò gbọdọ̀ ju méjì lọ lórí ìjẹ kan, bí o bá fẹ́ kí IGFA gba ẹja náà wọlé. Ọ̀kan ṣoṣo ni èmi fẹ́ràn. Ó rọrùn láti yọ bí a bá fẹ́ dá ẹja padà sómi.

Ọ̀rá tábìlì yẹn, jù ú nù. Ìrìn méjì nínú iyọ̀ àti oòrùn, ó ti gan bíi páànù. Túùbù ọ̀kadà dára, bí ó tilẹ̀ burẹ́wà.

Owó_Lọ̀rọ̀

Èló ni ẹyọ kan? Mo rí ti China ní Èkó tí kò tó ìdá mẹ́rin owó tí wọ́n ní ẹ ń tà á.

Onírésìn_Lágere

25,000 náírà. Ọjọ́ méjì ni ọ̀kan ń gbà mí: kí n dà á, kó gbẹ, kí n fi sáńpépà mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fọ̀ ọ́, láti èyí tó le dé èyí tó kúnná bíi pépà lásán, lẹ́yìn náà ọṣẹ ìfọyín. Bẹ́ẹ̀ ni o, ọṣẹ ìfọyín ló ń mú un dán kẹ́yìn. Tí ẹ bá fẹ́ ti China, ẹ rà á, mi ò bínú. Ẹni tó ń bí mi nínú ni ọ̀gá ọlọ́kọ̀ kan ní Èkó tó kó márùn-ún lọ láti oṣù Ọ̀pẹ, tó ní òun á fi owó ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Fóònù rẹ̀ ń dún, kò gbé e. 125,000.

Kápútéènì_Ọ̀sà

Owó_Lọ̀rọ̀, mo ní ti China nínú ọkọ̀ mi, wọ́n wúlò fún ẹja kéékèèké. Ṣùgbọ́n nígbà tí oníbàárà mi bá san owó epo odindi ọjọ́ kan, tí marlin kan ṣoṣo sì dìde, mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé orí ìjẹ ló máa là.

Nọ́ọ̀sì_Mọ́ọ̀rẹ̀

Ẹ dákun, kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí arákùnrin yìí ti ń da résìn. Nínú yàrá ni, àbí?

Onírésìn_Lágere

Yàrá ẹ̀yìn ni, mà. Fèrèsé kan wà.

Nọ́ọ̀sì_Mọ́ọ̀rẹ̀

Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ gbé e jáde sí abẹ́ àtíbàbà, èéfín rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ti ojú ló wá le jù. Omi kékeré tẹ́ ẹ ń kán sínú résìn kó lè gan, bó bá ta sí yín lójú, ó lè fọ́ ọ. Ẹ ra gíláàsì tó bo ojú pátápátá. Bó bá ta sí i, ẹ má fi ọwọ́ ra á, ẹ má fi epo sí i, ẹ má fi ọmú ìyálọ́mọ sí i (mo ti rí èyí rí!). Omi tó mọ́ ni kẹ́ ẹ máa dà sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó kéré tán, kẹ́ ẹ sì sáré lọ ilé ìwòsàn. Kọ́ọ̀bù tẹ́ ẹ fi pò ó kò gbọdọ̀ padà sí ilé ìdáná.

Ìyá_Ìbejì_Sábó

Ìyàwó rẹ̀ ló rán yín níṣẹ́ yẹn ni 😂

Onírésìn_Lágere

Kọ́ọ̀bù ti padà sílé ìdáná rí, mà. Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Ẹ ṣé.

Ìbéèrè kan ló kù: ihò afẹ́fẹ́ wínníwínní máa ń wà nínú tèmi. Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n ní ó dà bí omi. Irọ́ ni wọ́n ń pa fún mi kí inú mi lè dùn.

Ọmọ_Ọ̀bọkún

O ń pò ó bí ẹni lu ẹyin. Rọra rò ó bí àmàlà tí o kò fẹ́ kó ní kókó, kó o dà á tín-ín-rín láti igun kan ṣoṣo, kó máa gun mọ́ọ̀dù bọ̀ fúnra rẹ̀. Má sì kán oògùn yẹn jù nítorí ìkánjú. Á gbóná, á sán.

Mo ti rọ ìdérí kékeré kan fún ọ lórí léètì, ihò wà láàárín rẹ̀ gan-an, á di ọ̀pá eríà náà mú lókè mọ́ọ̀dù. Gba nọ́ńbà mi nínú àpótí ìkọ̀kọ̀, kó o fi ìwọ̀n ẹnu mọ́ọ̀dù ránṣẹ́ kí n fi yọ ọ́ parí. Mi ò gbowó. Ìjẹ kan ni kó o fún mi, kí n fi kọ́ sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù. Má fi ìwọ̀ sí i o, àwọn ọmọdé máa ń fọwọ́ kan nǹkan.

Ọ̀rọ̀ onígbèsè yẹn ńkọ́? Ọjọ́ kejìdínlógún ni mò ń lọ Òwódé-Onírin lọ ra irin. Bàbá bàbá mi ta aṣọ àwìn, òṣómàáló pọ́ńbélé ni. Fi àdírẹ́sì ibi tó ń so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ ránṣẹ́ sí mi.

Onírésìn_Lágere (lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá)

Ẹ̀yin ará, ẹ wá gbọ́.

Mo ra eríà mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn tó ń tún rédíò ṣe ní Sábó. Òjé, mo tọrọ rẹ̀ lọ́dọ̀ fọ́kánáísà, àwọn wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń kàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ táyà. Ìdérí dé láti Iléṣà, ó wọ ẹnu mọ́ọ̀dù bí ìdérí ìkòkò tí ìyá kan náà mọ. Mo da ìdá kan résìn kọ́kọ́, mo dúró títí ó fi dì bí ẹ̀kọ tútù, mo tẹ òjé síkùn rẹ̀, mo wá da ìyókù lé e. Níta ni mo wà, Nọ́ọ̀sì, mo wọ gíláàsì, àwọn ọmọ àdúgbò ń pè mí ní awẹ̀dò.

Bí mo ṣe bó mọ́ọ̀dù lára rẹ̀ láàárọ̀, mo gbé e sókè, mo fi ojú kan wo gílóòbù láti inú ihò. Gílóòbù wà láàárín rébété. Mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó. Ó wò ó, ó ní òun rí gílóòbù.

Mo gbé e lọ sódò, mo gun kẹ̀kẹ́. Kò yí. Ó yọ, ó mí, ó rì, omi hó lẹ́yìn rẹ̀. Mo ń wo ẹ̀yìn ju iwájú lọ, mo sì kó sínú koto. Orúnkún mi bó, ìjẹ kò ṣe nǹkan kan.

Mẹ́rin ti wà nínú ọkọ̀ Èkó láti àná, Kápútéènì. Awakọ̀ ní nọ́ńbà yín lọ́wọ́.

Kápútéènì_Ọ̀sà

Mo ti gbà wọ́n. Ọjọ́ Sátidé.

Àlọ́_àti_Ìtàn (lọ́jọ́ Àìkú)

Kápútéènì, ẹja ń bákàn?

Kápútéènì_Ọ̀sà

Kì í ṣe ẹja, kì í ṣe àkàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

A kúrò ní èbúté ní aago márùn-ún ìdájí. Ibi tí ìsàlẹ̀ òkun ti já sí ibú, tí àwọ̀ omi kúrò ní ewé tó di aró, ni mo ti ju ìjẹ sílẹ̀. Mo fi ti Ifẹ̀ aláwọ̀ àlùkò sí apá òsì, lórí ìgbì kẹta lẹ́yìn ọkọ̀. Wákàtí méjì ni mo fi ṣọ́ ọ. Kò yí lẹ́ẹ̀kan. Ní bíi aago mẹ́wàá, ẹja wahoo kan, eléyín mímú, já yẹ̀rì èyí tó ṣe ṣóńṣó sí méjì bí ẹni fi abẹ gé e, ó sì lọ. Túùbù ọ̀kadà ni yẹ̀rì náà, kò dùn mí.

Aago kan kọjá díẹ̀, òjìji kan yọ lẹ́yìn aláwọ̀ àlùkò. Ó gùn. Oníbàárà mi ní igi ni. Igi náà yọ ẹnu jáde lómi, ó gbá ìjẹ lẹ́ẹ̀mejì, pá, pá, okùn já kúrò lára ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, gbogbo wa pariwo. Ìwọ̀ kò mú un. Ó tẹ̀ lé wa fún bíi ìṣẹ́jú kan sí i, ó yí padà, ó rì.

Nígbà tí mo fa ìjẹ wọlé, ara résìn ti ha gbọọrọ láti iwájú dé ojú ọ̀tún. Ẹnu marlin rí ṣákaṣàka bíi sáńpépà, bó ṣe máa ń fi àpá sí ara ẹja tó bá gbá náà nìyẹn. Mo ti fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́.

Onírésìn_Lágere

Kápútéènì, mo ń wo fọ́tò yìí láti òwúrọ̀. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dá ọ̀kan yẹn padà fún mi. Màá san owó ọkọ̀, màá sì fi tuntun méjì rọ́pò rẹ̀.

Kápútéènì_Ọ̀sà

Rárá o. Èyí tí ẹja ti gbá rí ni màá tún jù sílẹ̀ ní Sátidé. Fi àlùkò méjì sí i ránṣẹ́, mo ń sanwó. Kí òjé inú wọn fi díẹ̀ wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ìyá_Ìbejì_Sábó

Ẹ̀gbọ́n Onírésìn, ẹ fi nǹkan sí orúnkún yẹn o.

Ọmọ_Ọ̀bọkún

Mo wà ní Èkó. Ó ní òun kò mọ̀ mí rí, mo ní kò burú, mo jókòó lórí irin mi níwájú ọkọ̀ rẹ̀. Ó ti fi 50,000 ránṣẹ́, Onírésìn, wo fóònù rẹ. Ó ku 75,000. Ó ní kí n máa lọ ilé, mo ní mi ò kánjú, mo ra gúgúrú àti ẹ̀pà.